Ìbéèrè Ló Yẹ Kó Ṣáájú Ìwé Ìrìnnà: Olùkọ́ Abúlé, Ẹ̀kọ́ Òkè Òkun àti Ìwádìí Inú Kíláàsì

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní Agége, àwọn tíṣà kan ti wà létí títì tí wọ́n ń wá ọkọ̀. Èrò Ìkẹjà àti Ọ̀ṣọ́dì pọ̀ lọ́wọ́ kan. Àwọn tíṣà yìí wà lọ́wọ́ kejì, ọ̀nà Sàngó Ọ̀tà ni wọ́n kọjú sí. Wọ́n á wọkọ̀ dé Ifọ̀ tàbí Ewékorò, wọ́n á tún gun ọ̀kadà wọ abúlé tí iléèwé wọn wà. Ìgboro ni wọ́n ń sùn, nítorí pé wọn kò rí ilé gidi, iná, tàbí iléèwé tí wọ́n fẹ́ fún ọmọ tiwọn níbi iṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ olùkọ́ abúlé jìnnà sí Agége, àwọn wọ̀nyí ni mo máa ń rántí.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìjọba àti àwọn àjọ òkè òkun ti ń wá bí iṣẹ́ wọn yóò ṣe dára sí i. Àwọn kan ní ká mú wọn lọ sí ìlú òyìnbó, kí wọ́n lọ fojú rí bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń kọ́ ọmọ. Àwọn mìíràn ní kíláàsì tí olùkọ́ ń dúró sí lójoojúmọ́ ti tó o ṣe iléèwé: kó máa ṣe ìwádìí níbẹ̀, kó máa ṣọ́ ohun tó ń kọ́ àwọn ọmọ àti ohun tí wọ́n ń gbà nínú rẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀nà méjèèjì dára, ṣùgbọ́n ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣáájú. Olùkọ́ tí kò gbé ìbéèrè kankan láti inú kíláàsì rẹ̀ lọ sí òkè òkun, fọ́tò àti ìwé ẹ̀rí ni yóò gbé bọ̀. Ìtàn ẹ̀kọ́ nílẹ̀ wa ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ kí a jọ gbé ìtàn náà yẹ̀ wò.

Agége pàápàá mọ nǹkan kan nípa bí ìmọ̀ ṣe ń dé abúlé. Nígbà tí ọ̀rúndún 19 ń parí lọ, àwọn oníṣòwò Èkó tí ọjà kò rọgbọ fún mọ́ wá gba ilẹ̀ sí agbègbè yìí, wọ́n ń gbin kòkó àti obì. Jacob Kẹ́hìndé Coker, tí oko rẹ̀ wà ní Ìfàkọ̀, ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Ní 1907 ni wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Agége tí wọ́n ń pè ní Agege Planters' Union sílẹ̀. Alágbàṣe ń wá láti inú ilẹ̀ Yorùbá káàkiri. Wọ́n ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì rí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irúgbìn, bí wọ́n ṣe ń já èso àti bí wọ́n ṣe ń sá a. Nígbà tí wọ́n padà sílé, wọ́n gbé irúgbìn àti ìmọ̀ dání. Ìjọ African Church, tí Coker jẹ́ òpó pàtàkì nínú rẹ̀, náà bá wọn tan ìmọ̀ yìí ká. Òpìtàn A. G. Hopkins ti kọ ọ́ kedere pé àgbẹ̀ dúdú ló fẹsẹ̀ iṣẹ́ kòkó múlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe ìjọba òyìnbó. Ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: àwọn alágbàṣe náà fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́, oko sì ń dúró dè wọ́n nílé, wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìmọ̀ náà ṣe.

Ti àwọn olùkọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1927, wọ́n dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ní àwọn ilẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, ẹ̀ka náà sì di ara ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ olùkọ́ ti yunifásítì ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ Nàìjíríà gba ibẹ̀ kọjá. Ní 1959, ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth lórí ẹ̀kọ́ wáyé ní Oxford, ibẹ̀ ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Commonwealth ti bẹ̀rẹ̀. Ta ni wọ́n ń mú lọ? Ọ̀gá iléèwé girama, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́, àwọn ọ̀gá tó ń bẹ iléèwé wò. Nígbà tí wọ́n bá dé, ilé iṣẹ́ ìjọba tàbí yunifásítì ni yóò gbà wọ́n. N kò bá wọn jà, iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ní láti ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó wà ní abúlé lásìkò kan náà. Ní ọjọ́ 17, oṣù January 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ tó wà níléèwé fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí ohun tó lé ní 811,000 láàárín ọdún kan. Àwọn tí kò tíì gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ rárá ló pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó síwájú kíláàsì. Àwọn ni wọ́n gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ru, wọn kò sì sí lára àwọn tó wọ ọkọ̀ òkun.

Títí di òní, ilẹ̀kùn náà kò tíì ṣí fún wọn dáadáa. Ètò Fulbright kan wà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń gba olùkọ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, Nàìjíríà wà lára wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, wọ́n á kọ́ ẹ̀kọ́ ní yunifásítì, wọ́n á tún wọ iléèwé Amẹ́ríkà lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ètò tó dára ni. Ṣùgbọ́n olùkọ́ girama nìkan ló wà fún; orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kọ̀wé béèrè, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì sì wà níbẹ̀. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí fóònù rẹ̀ kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àfi tó bá gun òkè kan lẹ́yìn abúlé, wọn kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro tiẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú àwọn ètò Fulbright ni ti àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ tó ń lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Amẹ́ríkà ní èdè Yorùbá fún ọdún ẹ̀kọ́ kan gbáko. Olùkọ́ tiwa ló ni ìmọ̀ níbẹ̀. Ó ń kọ́ni, ó tún ń kọ́ bí a ṣe ń kọ́ni. Láti 2002 sì ni ètò Commonwealth ti ń sanwó fún àwọn tó ń kàwé gba oyè yunifásítì Britain láti ìlú wọn láìwọkọ̀ òfuurufú. Tí mo bá ní àṣẹ, irú èyí ni mo máa kọ́kọ́ polongo fún àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní Yewa àti Ẹ̀pẹ́.

Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Nítorí náà n kò kọ ìrìn àjò. Olùkọ́ tó bá ti wọ kíláàsì tí àwọn ọmọ ti ń bi olùkọ́ léèrè láìbẹ̀rù, tí wọ́n ń jiyàn lórí ìṣirò títí wọ́n fi rí ìdí rẹ̀, kò ní gbà mọ́ pé kíkọ sórí pátákó àti híhó lé e lórí nìkan ni ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá hun sí òkè òkun láìwọn ẹni tó máa wọ̀ ọ́ kì í pẹ́ ya. A ti rí i rí, ọ̀rọ̀ ìṣirò ìgbàlódé sì jẹ́rìí sí i.

Ní 1962, àwọn onímọ̀ ìṣirò láti Amẹ́ríkà, Britain àti ilẹ̀ Áfíríkà péjọ sí Entebbe ní Uganda. Iléeṣẹ́ kan ní Massachusetts ló darí ètò náà. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí ọmọ Áfíríkà má máa há ìṣirò sórí mọ́, kó mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n kọ ìwé fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, àwọn ìwé tí ń sọ nípa àkójọ nǹkan àti oríṣìíríṣìí ọ̀nà tí a lè gbà ka iye. Grace Alele-Williams wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ṣiṣẹ́ nínú ètò náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyá yìí kì í ṣe ẹni tó jókòó sí yunifásítì látilẹ̀: ó ti kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìṣirò ní Queen's School, Ẹdẹ, kó tó lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Chicago ní 1963, obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Ní 1985 ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó darí yunifásítì ní Nàìjíríà, ní Benin.

Èrò tó dára ni, ọlọ́pọlọ pípé ló sì wà nídìí rẹ̀. Kí ló wá pa á? Níbi tí olùkọ́ tó gbọ́ ọ yé bá wà, ó ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ní kó dé gbogbo iléèwé, ìwé nìkan ló dé abúlé. Olùkọ́ tó há ìṣirò sórí nígbà tiẹ̀ kò lè ṣàlàyé ìdí tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Òbí rí iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ, kò mọ ohun tó máa sọ. Ariwo ta títí, ní January 1977 ìjọba àpapọ̀ fagi lé e. Ọdún méjìlélógún ti kọjá nígbà náà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn, a kò sì tíì kọ́ bí a ṣe ń bi tíṣà abúlé léèrè ohun tó nílò kí a tó gbé ìwé fún un.

Àwọn kan gbé e gba ọ̀nà mìíràn: dípò kí olùkọ́ lọ sí Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà wá bá a. Ní 1963, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, àjọ ìrànwọ́ Amẹ́ríkà USAID àti Yunifásítì Harvard dá Comprehensive High School sílẹ̀ ní Ayétòrò ní ilẹ̀ Yewa, ìlú tó jìnnà sí ariwo. Àwọn olùkọ́ láti Amẹ́ríkà bá tiwa ṣiṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ sì wà lára àwọn ibi tí ẹ̀kọ́ àwùjọ ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ nínú iléèwé girama Nàìjíríà. Àǹfààní tó wà nínú irú rẹ̀ ni pé gbogbo ohun tí àlejò bá mú wá, ojú gbogbo ènìyàn ni wọ́n á ti dán an wò, lórí ọmọ tiwa, nínú ooru tiwa.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ga jù lọ tí a tíì ṣe nínú kíláàsì nílẹ̀ Yorùbá, Mọdákẹ́kẹ́ ni wọ́n ti ṣe é. Babátúndé Fáfúnwá, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ti kàwé ní Amẹ́ríkà, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní New York ní 1955. Ní 1970, nígbà tó wà ní Yunifásítì Ifẹ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Adébísí Afọláyan wà lára wọn, gba owó lọ́wọ́ Ford Foundation, wọ́n sì wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A'. Ìbéèrè wọn kò ṣòro láti gbọ́: bí a bá fi Yorùbá kọ́ ọmọ Yorùbá fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí a sì ń kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù, ṣé yóò mọ̀wé ju ẹni tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin lọ, àbí yóò rẹ̀yìn?

Láti dáhùn rẹ̀, wọn kò lè kàn gba ìwé kan ní Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n pín in. Kò sí ìwé sáyẹ́ǹsì lédè Yorùbá fún kíláàsì márùn-ún. Kò sí ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn fẹnu kò sí fún ọ̀pọ̀ ohun tí ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ń sọ. Wọ́n ní láti kọ ọ́ fúnra wọn: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ àwùjọ, èdè. Wọ́n kó àwọn olùkọ́ jọ lórí àwọn ìwé tuntun náà. Olùkọ́ pàtàkì kan ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní àwọn kíláàsì tí wọn kò yí nǹkan padà fún, kí wọ́n lè fi wé wọn. Ní gbogbo ọjọ́ tí olùkọ́ bá wọlé, ó ń kọ́ni, ó tún ń dán nǹkan wò. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá yé àwọn ọmọ, kò lè sọ pé ọpọlọ wọn ló kéré. Bóyá ìwé náà ló ní àbùkù, a jẹ́ pé kí a tún un kọ.

Nígbà tí wọ́n wo èsì, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kàwé tayọ àwọn yòókù nínú àwọn iṣẹ́ tó kù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ayé ló ń dárúkọ iṣẹ́ yìí, láti Philippines dé Ethiopia, níbikíbi tí wọ́n bá ti ń jiyàn lórí èdè tó yẹ kí ọmọ fi kàwé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nínú rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ èdè. Fáfúnwá gba irinṣẹ́ ìwádìí láti Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà ló tún fún un lówó. Ṣùgbọ́n inú kíláàsì tiwa ni ìbéèrè náà ti wá, ohun tí gbogbo tíṣà ti ń rí lójoojúmọ́: ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa lójúde, tó ń ya odi bó bá wọ kíláàsì. Nítorí pé ìbéèrè náà ṣáájú, owó òkè òkun rí iṣẹ́ gidi ṣe.

Ó sì dùn mí láti sọ ohun tó tẹ̀lé e. Fáfúnwá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990, síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò di ti gbogbo iléèwé. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Nígbà tó di November 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Orílẹ̀-èdè tó ní irú ìwádìí Mọdákẹ́kẹ́ nílé, tó ń yí ìpinnu padà láìbi àwọn tó wà nínú kíláàsì, ń fi ohun iyebíye ṣòfò.

Àwọn kan yóò sọ pé ìwádìí wo ni olùkọ́ tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe. Ìbéèrè yìí tọ́, mi ò ní sá fún un. Ní 2008, ìjọba Kwara dán àwọn olùkọ́ rẹ̀ wò lórí iṣẹ́ tí ọmọ kíláàsì mẹ́rin ń ṣe. Nínú olùkọ́ 19,125, àwọn 75 péré ló dé ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́. Ó gba ìgboyà láti tẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde. Ìjọba Èkìtì náà fẹ́ ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ní 2012, àwọn olùkọ́ kọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n àtidá àwọn dúró lẹ́nu iṣẹ́ ni. Mo gbà pé ẹ̀rù wọn ní ìdí. Tíṣà tí ìjọba kì í rántí àfi lọ́jọ́ ìdánwò kò ní gbà pé ìdánwò náà wá ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ kò bá mọ ìdá nínú ìṣirò, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní Amẹ́ríkà kò ní kọ́ ọ ní ìdá. Nílé la ti ń ṣe ìyẹn, díẹ̀díẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ National Teachers' Institute ní Kaduna, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ láti ọ̀nà jíjìn lórí irú iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ tíṣà abúlé ló sì tibẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní NCE.

Ní Èkó, ọ̀nà tí wọ́n gbà yàtọ̀. Láti 2008 dé 2017, ètò ESSPIN tí ìjọba Britain náwó lé ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà, Èkó àti Kwara wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ètò ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́ fún olùkọ́, wọ́n sì ní àwọn ènìyàn tó ń lọ bá olùkọ́ ní iléèwé rẹ̀, tí wọ́n ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì, tí wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ní January 2020 ni ètò ìjọba Èkó tí wọ́n ń pè ní EKOEXCEL bẹ̀rẹ̀. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó lé ní 1,000 ló kàn, ti Agége pẹ̀lú. Wọ́n fún olùkọ́ ní tábúlẹ́ẹ̀tì. Ohun tí yóò sọ àti ìbéèrè tí yóò bi àwọn ọmọ ti wà nínú rẹ̀. Àwọn kan bú u pé ó sọ olùkọ́ di ẹni tí ń kàwé jáde lásán. Èmi kò ní bú u. Fún ẹni tí wọ́n ju sí kíláàsì láìmúra sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ti tò sílẹ̀ sàn ju òfìfo lọ, ọmọ kò sì lè dúró dìgbà tí olùkọ́ bá gbọ́n. Ohun tí mo kọ̀ ni pé kó parí síbẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì mọ ojú ìwé tí olùkọ́ dé. Kò mọ ìdí tí ọmọ mẹ́sàn-án kò fi wá lọ́jọ́ ọjà.

Àwọn ará Japan ti yanjú apá kan nínú èyí láti ayé àwọn baba wọn. Olùkọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún á jókòó, wọ́n á mú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, ká ní bí a ṣe ń ro ìdá kan pọ̀ mọ́ ìdá mìíràn. Wọ́n á jọ ro bí ọmọ yóò ṣe ṣì í, wọ́n á jọ kọ ètò rẹ̀. Ọ̀kan á kọ́ ọ níṣojú àwọn yòókù. Àwọn tó ń wò kì í wo olùkọ́ bí kò ṣe ojú àwọn ọmọ: ta ló gbà á, ibo ló ti sọnù. Lẹ́yìn náà wọ́n á tún un ṣe, ẹlòmíràn á kọ́ ọ ní kíláàsì mìíràn. Ètò ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kan tí Japan ràn lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Kenya ní 1998, ó dé Nàìjíríà ní 2006, ní ìpínlẹ̀ Kaduna, Niger àti Plateau. Nairobi ni wọ́n kó àwọn olùdánilẹ́kọ̀ọ́ wa lọ, ìyẹn sì mú ọgbọ́n dání: iléèwé tó jọ tiwọn ni wọ́n lọ wò. Àwọn ará wa ní Kétu àti Sábẹ̀ pàápàá, ní orílẹ̀-èdè Benin, mọ̀ nípa ìpàdé olùkọ́ tí wọ́n ti ń wo ẹ̀kọ́ ara wọn. Kétu kò jìnnà sí Ìmẹ̀kọ ní apá tiwa, ọ̀kadà lè gbéni dé ibẹ̀.

Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ rìn jìnnà, Kòlóńbíà ni kí a lọ. Láàárín àwọn ọdún 1970 ni Vicky Colbert àti olùkọ́ abúlé kan, Oscar Mogollón, dá ètò Escuela Nueva sílẹ̀ fún àwọn iléèwé oko tí olùkọ́ kan ṣoṣo ti ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta, mẹ́rin nínú yàrá kan. Àwọn ọmọ ní ìwé tí wọ́n lè fúnra wọn tẹ̀ lé ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ nígbà tí olùkọ́ bá wà lọ́dọ̀ àwọn kékeré. Àwọn olùkọ́ ń ṣèpàdé, wọ́n ń lọ wo iléèwé ara wọn. Mo bi yín, èwo nínú àwọn ibi tí a ń kó olùkọ́ wa lọ ló mọ ohun tí à ń pè ní olùkọ́ kan, kíláàsì mẹ́ta? Ní Lọ́ńdọ̀nù ìgboro, ta ni yóò kọ́ tíṣà abúlé Ewékorò ní ohun tí yóò fún kíláàsì kejì ṣe nígbà tó bá ń kọ́ kíláàsì kẹta?

Ọ̀rọ̀ jápa náà ò ṣeé fò dá. Láti ọjọ́ 1, oṣù February 2023, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣílẹ̀kùn fún olùkọ́ láti orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án, Nàìjíríà àti Ghana wà níbẹ̀, láti béèrè fún ìwé àṣẹ olùkọ́ wọn. Wọ́n tún ya £10,000 sọ́tọ̀ lọ́dún yẹn fún olùkọ́ físíìsì tàbí èdè kọ̀ọ̀kan tó bá ṣí wá. Ẹni tí a bá fi owó ìjọba kọ́ lókè òkun mọ ọ̀nà ibẹ̀. Nígbà àtijọ́, bọ́ǹdù, ìwé àdéhùn pé wọ́n á padà wá ṣiṣẹ́ nílé, ni wọ́n fi ń dè wọ́n. Ìwé ni, kò lè di ẹni tí ebi ń pa mú. Nígbà tí Èkìtì fi ẹ̀kúnwó sí owó oṣù olùkọ́ tó wà ní abúlé, ó sún mọ́ òtítọ́ ju bọ́ǹdù lọ. Ilé tí olùkọ́ lè gbé ládùúgbò iléèwé yóò tún sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ní àṣẹ ṣe kò le. Kí wọ́n má mú olùkọ́ kan níbí, kan lọ́hùn-ún. Olùkọ́ kan tó dá nìkan rí ohun tuntun, tó padà sáàárín àwọn tí kò rí i, àárín oṣù díẹ̀ ni wọ́n á ti sọ ọ́ di bí tiwọn. Kí wọ́n mú mẹ́ta láti àwọn iléèwé tó sún mọ́ra, kí ọ̀gá iléèwé kan wà nínú wọn, torí bí ọ̀gá kò bá fọwọ́ sí i, kò sí ohun tó máa dúró. Kí wọ́n lo sáà kan nílé kí wọ́n tó lọ, kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n ń rí sílẹ̀: ọmọ mélòó ní kíláàsì mẹ́rin ló lè ka ìpínrọ̀ kan tán, ta ni kì í wá nígbà ìkórè, ibo ni ìyọkúrò ti ń dojú rú. Ìbéèrè tó bá jáde nínú ìyẹn ni kó pinnu ibi tí wọn yóò lọ, ì báà jẹ́ Nairobi tàbí Kétu. Nígbà tí wọ́n bá dé, kí wọ́n ní ọ̀sán kan lọ́sẹ̀ tí wọ́n lè fi wo ẹ̀kọ́ ara wọn, kí ìjọba ìbílẹ̀ sì san owó ọkọ̀ rẹ̀.

Apá kan wà níbẹ̀ tí kò nílò ìwé ìrìnnà rárá. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ NCE ló ń kọ iṣẹ́ ìwádìí kó tó jáde, gbogbo wọn ló sì ń lọ kọ́ni fún àkókò kan ní iléèwé gidi. Nǹkan méjèèjì yìí kì í sábà pàdé: wọ́n á kọ́ni ní ibì kan, wọ́n á sì lọ pín ìwé ìbéèrè níbòmíràn lórí ọ̀rọ̀ tí kò kan kíláàsì tí wọ́n dúró sí. Lagos State University of Education ní Ìjanikin, tí ó ní ẹ̀ka ní Ẹ̀pẹ́ nítòsí àwọn abúlé ẹsẹ̀ odò, lè so wọ́n pọ̀. Kí iléèwé abúlé tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ kọ́ni jẹ́ ibi tí yóò ti ṣe ìwádìí rẹ̀. Kí tíṣà tó bá níbẹ̀ jẹ́ ẹni tí yóò yan ìbéèrè náà, kí orúkọ àwọn méjèèjì wà lára ìwé, kí ẹ̀dà kan sì padà sí iléèwé náà.